Jíìnì mẹ́ta tó ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì, kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní jíìnì báyìí, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ló ń fa báyìí, àfi bí ẹni pé kálukú wọn ń dá iṣẹ́ tiẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀. Irọ́ ni jàre. Wọ́n ti to jíìnì èèyàn látọdún 2003, nǹkan bíi 20,000 ló ń ṣe purotéènì, àwọn mólékù tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, orúkọ lásán ṣì nìyẹn. Ẹni tó mọ orúkọ ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ò tíì gbọ́ ìlù kankan, bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn gan-an ni ìlù, ẹ yọ gúdúgúdú kúrò kẹ́ ẹ wo bí ijó ṣe máa dàrú. Ìdáhùn yẹn ni systems biology ń wá, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wo bí àwọn nǹkan inú ẹ̀dá ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ wo iṣẹ́ Michael Elowitz àti Stanislas Leibler, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2000. Wọ́n ki jíìnì mẹ́ta bọ inú bakitéríà E. coli: LacI ń pa TetR lẹ́nu mọ́, ìyẹn ni pé kì í jẹ́ kó ṣe purotéènì tiẹ̀, TetR ń pa cI lẹ́nu mọ́, cI náà wá ń pa LacI lẹ́nu mọ́. Wọ́n fi ìkẹrin tó ń tàn kún un, ara jellyfish, ẹ̀dá inú òkun kan, ni wọ́n ti mú un, kójú lè rí nǹkan tó ń lọ. Tí LacI bá pọ̀, TetR á lọ sílẹ̀, cI á ráyè gbérí, á wá tẹ LacI rì, TetR á tún dìde, bó ṣe ń yí lọ nìyẹn, bakitéríà á tàn, á ṣókùnkùn, á tún tàn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 150 fún ìyípo kan. Bakitéríà á ti pín sí méjì kí ìyẹn tó pé, àwọn ọmọ á sì máa bá a lọ níbi tíyàá bá a dé.

Kò sí aago nínú ìkankan wọn o! Ká ní méjì péré ni, ọ̀kan á borí, á jókòó síbẹ̀, àwọn ará Boston University ṣe ìyẹn náà lọ́dún 2000 kan náà. Ìṣirò ni Elowitz sì kọ́kọ́ ṣe, òun ló fi hàn pé tí purotéènì bá ń pẹ́ jù kó tó bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ á dúró sójú kan, ni wọ́n bá so nǹkan mọ́ ọn nídìí tí sẹ́ẹ̀lì á fi tètè máa gé e wẹ́wẹ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Àmọ́ nǹkan bíi 40 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì ló yí dáadáa, àwọn ọmọ ìyá kan náà gan-an kì í sì í pẹ́ tí wọn ò fi ní máa tàn pa pọ̀ mọ́, torí àwọn mólékù tó ń ṣiṣẹ́ yìí ò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ìkan tó bá ṣèèṣì pẹ́ tàbí yá jù á da gbogbo ẹ̀ rú.