Fóònù open-source: ṣé ó ti tó gbé jáde?

Táwọn èèyàn bá fẹ́ bi mí nípa fóònù open-source (èyí tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, tẹ́nikẹ́ni lè wò ó kó sì tún un ṣe), ọ̀rọ̀ WhatsApp ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Èmi ò kì í bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ o. Ohun témi máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé tẹ́nì kan bá pè yín nígbà tí fóònù wà lápò, tí iná ojú ẹ̀ ti kú, ṣé ó máa dún?

Oríṣi méjì ló wà, kẹ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni Android tí wọ́n yọ Google kúrò lára ẹ̀, bíi LineageOS, /e/OS àti GrapheneOS (orí Pixel, fóònù Google fúnra ẹ̀, ni wọ́n sì ń lo ìyẹn jù, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀). Eléyìí ti tó lò. Ìpè ń wọlé, bátìrì ò burú. Áàpù báǹkì ló lè dà yín láàmú, torí àwọn kan ń lo Play Integrity láti bi Google bóyá fóònù ṣì wà bó ṣe kúrò nílé iṣẹ́, tí Google bá ti ní rárá, áàpù ò ní ṣí nìyẹn. Ẹ wádìí ti báǹkì yín kẹ́ ẹ tó tú bootloader (ohun tó ń gbé fóònù dìde, tí wọ́n máa ń tì pa kẹ́ni má lè fi ètò míì sí i), torí títú ẹ̀ máa ń nu gbogbo nǹkan orí fóònù.

Ìkejì ni fóònù Linux gidi (Linux ni ètò open-source tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà), bíi PinePhone àti Librem 5, tó ń lo oríṣi Linux bíi postmarketOS, Mobian àbí Ubuntu Touch. Ibí ni wàhálà wà. PinePhone tó jáde ní 2020, RAM 2GB ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ó máa ń fà, àmọ́ ìyẹn ṣeé fara dà. Bátìrì ẹ̀ ò ju 3000 mAh lọ, torí ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ máa sùn, tó bá sì ti sùn, módẹ́ẹ̀mù (apá tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) nìkan ló wà lójúfò, ìpè á wọlé, módẹ́ẹ̀mù á jí ṣípù (ọpọlọ fóònù), ṣípù á jí tán kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ń pè, kó tó wá dún ẹni yẹn lè ti gé e. Álààmù náà ńkọ́? Áàpù tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń jí fóònù ò ní jí ẹ̀yin náà.

Ti VoLTE, ìyẹn ìpè orí 4G, tún wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pa 3G, bíi Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, orí 4G ni ìpè ń gbà, tí VoLTE ò bá sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín, dátà lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ má lè pe ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ràn súìṣì ẹ̀gbẹ́ Librem 5 tó ń gé iná máìkì àti káàmẹ́rà gan-an, mi ò purọ́. Àmọ́ kóòdù módẹ́ẹ̀mù tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ṣì wà ní títì pa lórí gbogbo wọn.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ Linux, ẹ fi síìmù kejì sí i ná, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi fóònù míì pè é léraléra, lọ́sàn-án lóru, kẹ́ ẹ máa ṣírò iye ìgbà tí ò dún.