Pípín omi pẹ̀lú bátìrì: ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ní kíláàsì

Iná bátìrì lè pín omi sí gáàsì méjì, háídírójìn àti ọ́síjìn. Àmọ́ omi tó mọ́ gaara kì í gbé iná kọjá dáadáa. Olùkọ́ tó bá ki wáyà bátìrì bọ inú omi lásán máa rí ìfófòó wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ á sì ti máa wo ojú fèrèsé. Ó yẹ kí a po nǹkan mọ́ omi náà, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìṣe, torí iyọ̀ ọbẹ̀ lọwọ́ kọ́kọ́ máa ń bà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́sítíìfù (ibi tí wáyà orí + bátìrì ti wọ omi; ti orí − ni nẹ́gẹ́tíìfù), kilorínì inú iyọ̀ ni yóò máa jáde dípò ọ́síjìn. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti bílíìṣì, gáàsì olóró ni, ó ń ta ọ̀fun, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Sódíọ̀mù súlúféètì, irú iyọ̀ kan tí kò ní kilorínì nínú, ló dára jù: gíráàmù 14 nínú mìlílítà 200 omi. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbé iná kọjá lọ. Omi ló ń pín. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì náà ń gbé iná, àmọ́ ásíìdì tó ń hù yí pọ́sítíìfù ká máa ń lé kábọ́nì dáyọ́ksáídì jáde lára rẹ̀, ìwọ̀n gáàsì á sì dàrú.

Ohun kejì ni ọ̀pá tí iná ń gbà wọ omi. Ní London lọ́dún 1800, nígbà tí William Nicholson àti Anthony Carlisle kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, wáyà idẹ ni wọ́n lò: ọ̀kan ń hó, èkejì ń jẹrà. Ìgbà tí wọ́n lo wáyà pàtínọ́ọ̀mù ni gáàsì tó jáde lójú méjèèjì. Bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Bàbà tó bá wà ní pọ́sítíìfù á máa yọ́ sínú omi, irin á dípẹtà. Ṣíbí tí kì í dípẹtà tiẹ̀ burú jù, torí kurómíọ̀mù olóró lè ti ara rẹ̀ wọ inú omi. Ẹ lo pẹ́ńsù tí ẹ gbẹ́ lórí gbẹ́ nídìí: kábọ́nì tó ń gbé iná ló wà nínú dúdú àárín rẹ̀.

Ẹ lu ihò méjì sídìí ife ọ̀rá, ẹ ti pẹ́ńsù kọ̀ọ̀kan gba ìsàlẹ̀ wọlé, ẹ fi ìda àbẹ́là dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pinpin. Abẹ́ ife ni ẹ ó ti so wáyà mọ́ ọn, kí irin tó gbá a mú má baà kan omi. Ẹ bu omi náà kún túùbù dígí kékeré méjì, ẹ dojú wọn dé pẹ́ńsù láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Bátìrì fólítì 6 sí 12 tó. Iná ara ògiri ńkọ́? Láéláé, ó ń pa èèyàn.

Bí ámítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná tó ń kọjá, bá ka ámúpíà 0.2, ìṣẹ́jú 10 á mú nǹkan bíi mìlílítà 15 háídírójìn wá ní nẹ́gẹ́tíìfù, àti ìlàjì rẹ̀ ọ́síjìn ní pọ́sítíìfù. Méjì sí ọ̀kan yìí ni ẹ̀rí pé omi jẹ́ H₂O. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn sábà máa ń dín. Ẹ tẹjú mọ́ pẹ́ńsù pọ́sítíìfù: ẹ ó rí eruku dúdú tó ń jábọ́ lára rẹ̀. Ọ́síjìn ń jẹ kábọ́nì rẹ̀, ó ń di kábọ́nì dáyọ́ksáídì. Díẹ̀ sì tún ń yọ́ sínú omi. Ẹ jẹ́ kí iná ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó dé túùbù, ìwọ̀n á sún mọ́ òótọ́. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n rí gan-an sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá sọ ọ́ di méjì sí ọ̀kan.

Ẹ fi ọwọ́ dí túùbù háídírójìn, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ ṣáná sí ẹnu rẹ̀: á dún pọ́ọ̀! Ti ọ́síjìn, ẹ dá ẹyọ ìgbálẹ̀ kan níná, ẹ fẹ́ ẹ kú kó ku ẹ̀ṣẹ́ná pupa, ẹ wá tì í bọ inú túùbù: iná á sọ padà. Bí kò bá sọ, kábọ́nì dáyọ́ksáídì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, tàbí afẹ́fẹ́ ti wọlé nígbà tí ẹ ń gbé e. Ẹ má da gáàsì méjèèjì pọ̀ sínú túùbù kan kí ẹ tó ṣáná. Wọ́n máa ń bú gbàmù, dígí á sì fọ́ sójú ọmọ ọlọ́mọ.