Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ara òrìṣà ní Puri

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì Jagannath ní ìlú Puri, létí òkun, ní ìpínlẹ̀ Odisha ní ìlà-oòrùn Íńdíà. Ọba Anantavarman Chodaganga ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọ̀rúndún kejìlá. Ṣùgbọ́n igi ni àwọn òrìṣà inú rẹ̀: Jagannath, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Subhadra àbúrò wọn obìnrin, àti Sudarshana tó dà bí òpó. Igi kì í sì í tọ́jọ́ bí òkúta. Ìdí nìyí tí ètò tí wọ́n ń pè ní Nabakalebara fi wà: wọ́n á gbẹ́ ara tuntun fún àwọn òrìṣà, wọ́n á sì sin ti àtijọ́ bí ẹni sin òkú.

Ilé mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọgbà náà: ilé tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ ka iwájú òrìṣà, gbọ̀ngàn ijó, gbọ̀ngàn àwọn olùjọ́sìn, lẹ́yìn náà ni ilé gogoro tí òrìṣà ń gbé, tó ga tó nǹkan bíi mítà 65. Àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi oríṣi irin mẹ́jọ rọ, Nilachakra, ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan láti inú ìdílé tó ni iṣẹ́ náà ń gùn ún láìlo okùn, tí yóò lọ pààrọ̀ àsíá. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù ò gbọdọ̀ wọlé.

Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nìyí. Viswavasu, olórí àwọn Sabara inú igbó, ní òrìṣà kan tó ń bọ ní ìkọ̀kọ̀. Ọba Indradyumna gbọ́, ó rán Bráhímìnì kan (ìran àlùfáà Híńdù), Vidyapati, pé kó wá a rí. Vidyapati débẹ̀, ó fẹ́ Lalita ọmọ Viswavasu, ó wá ń bẹ àna rẹ̀ pé kó fi òrìṣà náà han òun. Bàbá ìyàwó gbà, àmọ́ ó fi aṣọ dì í lójú kí wọ́n tó gbéra. Kò mọ̀ pé ọkọ ọmọ òun ń ju kóró mọ́sítáádì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí kóró hù, ọ̀nà hàn. Kí ọba tó débẹ̀, òrìṣà ti pòórá. Ojú àlá ló ti sọ fún un pé òun ń bọ̀ lórí omi. Ìtì igi kan sì léfòó wá sí etíkun Puri.

Kò sí irinṣẹ́ tó ràn án, àfi ìgbà tí bàbá arúgbó kan yọjú pé òun á gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ 21, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò sì yọjú sí òun. Nígbà tó yá, wọn ò gbúròó irinṣẹ́ mọ́. Olorì Gundicha ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, bóyá bàbá ti kú. Wọ́n ṣí i, wọn ò bá ẹnikẹ́ni. Ère ló wà níbẹ̀, apá rẹ̀ ò parí, kò lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ ràbàtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ dòní.

Òṣùpá ló ń dá ọdún Nabakalebara. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ti oòrùn, nítorí náà wọ́n máa ń fi oṣù kan kún un lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta. Ọdún tí àfikún bá bọ́ sí oṣù Ashadha, tí Ashadha fi di méjì, ni wọ́n ń ṣe é. Ó lè tó ọdún 8, 12 tàbí 19 kó tó yí po: 1969, 1977, 1996, 2015.

Àwọn Daitapati, tí wọ́n ka ara wọn sí ìran Viswavasu, ló ń wá igi. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ sí tẹ́ńpìlì Mangala ní Kakatpur, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á máa retí àlá. Dóńgóyárò ni igi náà, èyí tí àwa náà ń se fún ibà. Àmọ́ kì í ṣe dóńgóyárò kan ṣáá: ti Jagannath gbọ́dọ̀ dúdú, kó ní ẹ̀ka ńlá mẹ́rin, kó wà nítòsí omi àti ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, kí ọ̀gán àti ihò ejò wà nídìí rẹ̀, kí ẹyẹ má kọ́ ìtẹ́ sí i, kí àrá má sán án rí. Àáké wúrà ni yóò kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ti fàdákà. Ti irin ló ń gé e.

Inú ọgbà tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, láìsí òǹwòran. Ibi tó le jù ni gbígbé Brahma, ohun àṣírí tó wà nínú ikùn ère àtijọ́, sínú tuntun. Òru ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Wọ́n á di ojú àgbà Daitapati, wọ́n á fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀, kí ojú má rí i, kí ara má fara kàn án. Ní 2015, ètò náà falẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ariwo sì gba Odisha kan. Ó sì tọ́ kí wọ́n pariwo, torí òkùnkùn yẹn ni gbogbo ètò náà dúró lé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sin ère àtijọ́ sí Koili Baikuntha nínú ọgbà kan náà, àwọn Daitapati á sì ṣọ̀fọ̀, wọ́n á fárí.

Nígbà tí àwọn tuntun bá jáde, ọkọ̀ onígi ni wọ́n ń gùn. Ti Jagannath ní àgbá kẹ̀kẹ́ 16, ọdọọdún sì ni wọ́n ń kan tuntun. Ọ̀pọ̀ èrò ló ń fi okùn fà wọ́n dé tẹ́ńpìlì Gundicha, olorì tó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n á wá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú igi rẹ̀ á sì di igi ìdáná.