Àtúnwọ̀lú ni mo pè é, n kò sì ní í yí i padà

Ní Sátidé tó kọjá, orí àga onígbàjámọ̀ ni mo wà ní Iléṣà, abẹ wà lọ́rùn mi, nígbà tí olóòtú kan lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "riintigiréṣọ̀n". Àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n tán ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó pè é títí, kò túmọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń fárí fún mi dáwọ́ dúró, ó ní, "Bàbá, àìsàn wo nìyẹn?" N kò bá a wí. Bí ọ̀rọ̀ bá dún bí àìsàn létí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó gbé e wá ló jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí èmi ń lò fún riintigiréṣọ̀n yìí ni àtúnwọ̀lú. Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé tún wọ ìlú, ó tún di ẹni tí a ń bá da nǹkan pọ̀. Ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n ń túmọ̀ èdè kò gbà fún mi, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo wọn lóhùn pọ̀.

Wọ́n ní kí n lo àtúnṣe. Mo kọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2019 ti pa orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà dà ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń sọ "ọgbà àtúnṣe", ọ̀rọ̀ náà sì ti ní olówó. Inú ọgbà ni àtúnṣe ti ń ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ télọ̀, ẹ̀kọ́ NOUN, Yunifásítì ìjọba tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹlẹ́wọ̀n ń kà láìsan owó ẹ̀kọ́. Àwọn wọ́dà ló ni ín. Ìta ni èyí tí mò ń sọ ti ń ṣẹlẹ̀, èmi àti ẹ̀yin la sì ni ín. Ẹni tí a dá ẹ̀wọ̀n ọdún 3 fún, tí ìwà rẹ̀ dára, lè jáde lẹ́yìn ọdún 2, torí ìdá kan nínú mẹ́ta tí wọ́n ń yọ fún ìwà rere. Ìjọba ló ń yọ ìyẹn. Ará àdúgbò kì í yọ nǹkan kan.

Òmíràn ní ìdápadà. Ẹrù tí kò tẹ́ oníbàárà lọ́rùn la ń dá padà! Àtúnbí ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù. Wọ́n kúkú ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n déédéé.

Olùkọ́ kan ní Ifẹ̀ ló rò pé òun mú mi. Ó ní, "Ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, Iléṣà ló wà. Ti Ifẹ̀, Ifẹ̀ ló wà. Ẹni tí kò kúrò nílùú, báwo ló ṣe fẹ́ tún un wọ̀?" Mo bi í pé bí onítọ̀hún bá jáde lónìí, ẹgbẹ́ wo ni yóò jókòó sí? Ta ni yóò gbà á sínú àjọ? Ìpàdé ẹbí wo ni wọn yóò ti dákẹ́ kí ó sọ̀rọ̀? Ìlú nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e ló ti kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ ṣì ń wá èsì.

Àwọn kan á tún fi wákàtí kan ya ẹni tí a ti dá lẹ́jọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń retí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń retí ẹjọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà wa. N kò ráyè ìyẹn. Àdúgbò kì í béèrè ìwé kóòtù kó tó pe èèyàn ní ẹlẹ́wọ̀n.

Ẹni tó bá ti gbin kòkó rí mọ ohun tí mò ń wí. Inú ọ̀rá ni ọmọ kòkó ti ń dàgbà ní nọ́sìrì, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí a tẹ́ lé e lórí, a ń bomi rin ín. Ó máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹ wá gbé e sáàárín pápá gbalasa lásìkò òjò, kí ẹ ní ó ti tó dá dúró. Tó bá fi máa di oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ti pa á. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ gbìn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa ṣíji bò ó títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi múlẹ̀, lẹ́yìn náà la ó máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé ni yàrá tí ẹnìkan gbà fún un, ọ̀gá tó ní "máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi", àti onídùúró kan. (Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé kí n kúkú pè é ní àtúngbìn. Kòkó kì í fẹsẹ̀ rìn wọ̀lú.)

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọ̀lú? Ẹ bi àwọn baba wa òṣómàáló. Wọ́n ń kiri aṣọ, wọ́n ń tà á láwìn, wọn á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san. Ẹni tí wọn kò bá mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò rí aṣọ gbà. Káfíńtà kan wà ládùúgbò mi tó kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà. Odindi ọdún kan, owó ọwọ́ ló fi ń ra pákó; bí kò bá sówó, kò sí pákó. Lóṣù tó kọjá, mo bá a ní ìsọ̀ onípákó, ìyá náà ń pariwo mọ́ ọn lórí gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ń tì í, kò mọ ibi tí yóò wò. Èmi ní tèmi, inú mi dùn.