Scroll saw: kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń fi igi gígé ṣe fàájì kì í yéé bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ra scroll saw, àmọ́ kì í tẹ̀lé ìlà tí mo yà. Ṣé kí n ta èyí, kí n ra èyí tó tóbi jù ú lọ?" Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ yín kò ṣẹ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé abẹ inú rẹ̀ ni kò bá iṣẹ́ mu, tàbí pé ẹ kò fà á le tó, tàbí kó ti pẹ́ tí kò ti mú mọ́, tí ẹ sì ń fi agbára tì í.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, scroll saw jẹ́ ayùn oníná tó ń jókòó sórí tábìlì. Abẹ rẹ̀ tínrín gan-an. Ó dúró gbọnrangandan láàárín apá méjì, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kì í kúrò lójú kan. Igi ni ẹ máa ń gbé lọ bá a, ọwọ́ yín ló sì ń darí igi náà. Òun ni wọ́n fi ń gé orúkọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, àwòrán ẹyẹ àti ẹranko, ohun ìṣeré àwọn ọmọdé, férémù fọ́tò àti ọnà oníhò wẹ́wẹ́. Kí iná mànàmáná tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń tẹ irú ẹ̀rọ yìí nínú ilé wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi òǹtajà ni irú abẹ tó ń gbà. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní píìnì kékeré kan lókè àti nísàlẹ̀ tó fi ń há sínú ẹ̀rọ. Èkejì kò ní nǹkan kan, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdè ló ń gbá a mú. Gígùn abẹ tí kò ní píìnì sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 5. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan kì í gbà ju ti píìnì lọ, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà: ihò tí ẹ máa lù sínú igi gbọ́dọ̀ tóbi tó kí píìnì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kò lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gé ọnà wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ẹ ra èyí tó ń gba abẹ tí kò ní píìnì, bí ó bá tilẹ̀ máa jẹ́ tòkunbọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ náà. Iná 120 volt ni ẹ̀rọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá ń lò, 230 ni tiwa ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, ó máa jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa nílò transformer tó ń dín iná kù. Èyí tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà yẹn, 230 làwọn náà ń lò. Ní ti nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ, bíi 16 tàbí 20, iye ínǹṣì tó wà láti ibi abẹ dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni. Òun ló ń sọ bí pákó tí ẹ lè yí kiri lórí rẹ̀ ṣe lè tóbi tó. Kò kan bí gígé ṣe máa dára sí. Ẹ̀rọ 16 tó fara balẹ̀, tí kì í gbọ̀n, sàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ju 20 tó ń jó lórí tábìlì lọ.

Ó wá ku abẹ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń tò ó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni abẹ ṣe tínrín sí, tí eyín rẹ̀ sì wẹ́ sí. Fún igi tí kò nípọn ju ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan lọ, nọ́ńbà 1 sí 3 ló yẹ. Nọ́ńbà 5 ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ gé pákó ìlàjì ínǹṣì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fi bẹ̀rẹ̀. Bí igi bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó le bí igi apá, ẹ gbà 7 tàbí 9. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà 9 gé plywood tó fẹ́lẹ́ á rí i pé igi náà á máa ta pọ́nún-pọ́nún lórí tábìlì, nítorí pé eyín abẹ tóbi ju igi lọ. Ẹni tó bá sì fi nọ́ńbà 2 gé pákó tó nípọn, abẹ á gbóná, á jó ara igi dúdú, á sì já.

Abẹ kan wà tí eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè, nígbà tí gbogbo ìyókù kọjú sísàlẹ̀. Òun ni kí ẹ máa rà fún plywood. Bí eyín tó kọjú sísàlẹ̀ ṣe ń gé ni ó ń fa abẹ́ igi ya jágajàga. Àwọn eyín ìsàlẹ̀ yẹn ló ń tún un ṣe nígbà tí abẹ bá ń gòkè, tí ẹ kò fi ní máa fi sánpépà jìyà lẹ́yìn iṣẹ́. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ fi ìka yín gba ara abẹ lọ sókè jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń kọ́ yín níka, eyín kọjú sísàlẹ̀, ó dáa. Bí ó bá ń yọ̀ lọ láìkọ́ yín, ẹ ti fi í sí òdì.

Fífà abẹ ló tẹ̀ lé e, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn fínra. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fà á le, kí ẹ wá fi ìka ta á. Ohùn tó máa jáde gbọ́dọ̀ ga, kó sì mọ́ gaara, bí okùn gòjé tí wọ́n fà dáadáa. Bí ohùn náà bá wúwo, tó ń ró wọ̀ọ̀, abẹ ti dẹ̀ jù. Ẹ tún lè fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan lọ. Abẹ tó dẹ̀ máa ń tẹ̀ nínú igi tó nípọn, ìyẹn ni ẹ fi ń rí i pé ojú òkè gé dáadáa, tí ojú ìsàlẹ̀ sì ti yà lọ síbòmíràn.

Kódà bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, abẹ yóò ṣì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, sí ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má bínú sí i, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá ń gé eyín sára abẹ, irin tó tín-ín-rín máa ń yọ gánńgán sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń mú jù, ibẹ̀ náà ló sì ń fẹ́ gbà lọ. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni pé á máa fi ọwọ́ ti igi sí òdìkejì láti bá a jà. Bẹ́ẹ̀ ni abẹ ṣe ń tẹ̀, tó ń gbóná, tó sì ń já. Ẹ mú àjákù pákó kan, ẹ fa ìlà tó tọ́ sí i, ẹ rọra gé e láìwo nǹkan mìíràn ju ìlà náà lọ. Nígbà tí ẹ bá dé ìlàjì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ má sún pákó. Ẹ wá wo bí pákó ṣe dúró lórí tábìlì. Ẹ máa rí i pé ó dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò kọjú sí ẹ̀rọ tààrà. Bí abẹ yẹn ṣe fẹ́ kí ẹ máa gbé igi wá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sì máa gbé e títí ẹ ó fi pààrọ̀ abẹ.

Abẹ kì í sì í pẹ́. Nínú igi líle tàbí plywood, ìṣẹ́jú 15 sí 30 péré lè sọ ọ́ di aláìmú. Gọ́ọ̀mù inú plywood ń jẹ eyín rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ìgbà tó bá já nìkan ni ká tó yọ ọ́. Bí ẹ bá ti ń rí i pé ẹ ń ti igi ju bí ẹ ṣe ń tì í nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ná owó ńlá sórí ẹ̀rọ, tó wá ń fi abẹ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Dọ́sìnnì ni kí ẹ máa rà á.

Ẹ jẹ́ ká wá gé nǹkan. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa máa ń fẹ́ ṣe ṣáájú ni orúkọ ọmọ, ó sì ní ìṣòro tí ìwé ẹ̀kọ́ òkè òkun kì í mẹ́nu bà. Ẹ mú Ẹ̀bùn. Ohun mẹ́ta ló máa já bọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá gé e bí ẹ ṣe kọ ọ́: àmì tó wà lábẹ́ Ẹ, àmì ohùn orí rẹ̀, àti èyí tó wà lórí ù. Àwọn kan máa ń yọ wọ́n kúrò. Inú mi kì í dùn sí i: bí a bá ti fẹ́ gé orúkọ ọmọ sára igi, ká gé e pé. Ẹ ya ọ̀pá kan tó gba abẹ́ gbogbo lẹ́tà lọ, kí àwọn lẹ́tà dúró lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọrùn kékeré so àmì abẹ́ Ẹ mọ́ ọ̀pá náà kó lè rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ti àmì ohùn, ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn títí yóò fi kan orí lẹ́tà. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kàn án, àmì ohùn òkè máa fi tòsì. Kí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ má ṣe tín-ín-rín ju mílímítà 3 lọ.

Plywood mílímítà 6 ni kí ẹ lò fún un, kì í ṣe pákó. Nínú pákó, ìlà ara igi ń lọ sí apá kan ṣoṣo, ọrùn tó bá dábùú ìlà náà á ṣẹ́ bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án. Awẹ́ plywood máa ń dábùú ara wọn, ìyẹn ló fi ń gba ìyà lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa: bí ẹ bá rí ihò láàárín awẹ́ kan sí èkejì, ẹ fi í sílẹ̀, abẹ á máa fò níbẹ̀.

Inú ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ tépù mọ́ ojú igi, kí ẹ wá lẹ ìwé tí ẹ ya orúkọ sí mọ́ orí tépù. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, gbogbo rẹ̀ á ṣí kúrò láìba igi jẹ́. Ẹ lu ihò mílímítà 2 sínú ojú b, ẹ tú abẹ lókè, ẹ tì í gba inú ihò náà, ẹ dè é padà, ẹ fà á le, kí ẹ wá gé ojú náà yọ. Ìta ni ẹ ó gé kẹ́yìn, nígbà tí pákó tó yí i ká ṣì ń fún un lókun. Bí ẹ bá dé igun tó mú, irú èyí tó wà nínú Ẹ, ẹ dáwọ́ títì dúró, àmọ́ ẹ má pa ẹ̀rọ. Ẹ fa igi sẹ́yìn díẹ̀ báyìí kí ẹ̀yìn abẹ, tí kò ní eyín, lè fara kan igi, kí ẹ sì yí igi náà kíá lójú kan títí abẹ yóò fi kọjú sí ìlà tó kàn. Ẹ fi àjákù kọ́ ọ títí yóò fi mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún iṣẹ́ tí kò ní ọrùn tín-ín-rín, arère ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ó fúyẹ́, ó mọ́ lójú, abẹ ń gba inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Igi ọmọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù náà rọ̀. Bí ẹ bá dé ọjà pákó ní Bódìjà, ẹ béèrè èyí tó gbẹ. Arère tútù máa ń dá àwọ̀ búlúù sára, ohun tí ẹ bá fi gé á sì ká kò bí ó bá ń gbẹ lórí ògiri. Àwọn tó ń ṣe àga sì máa ń da àjákù tó dára nù, ẹ lọ tọrọ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ eruku igi ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, nítorí pé abẹ tínrín yìí ń lọ igi kúná ju ayùn ọwọ́ lọ. Láti ọdún 1995 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ti inú imú pàápàá. Eruku ìrókò máa ń fa ikọ́ fée àti ara yíyún, eruku igi tí wọ́n ń pè ní mansonia sì máa ń bá imú àti ọ̀nà ọ̀fun jà gidigidi. Arère tí mo yìn tán yìí náà ti fa ikọ́ fée fún àwọn tó ń gé e lójoojúmọ́. Ìbòmú N95 ni kí ẹ lò, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀pá kékeré tó ń fẹ́ eruku kúrò lórí ìlà. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ kó máa fẹ́ ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe kọjú sí yín. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ wọ awò ojú, nítorí abẹ tó bá já máa ń ta. Ìta tàbí ẹnu fèrèsé ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí, ẹ gbọn aṣọ yín níta kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu tábìlì dípò kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí gbígbá máa ń dá eruku náà padà sínú afẹ́fẹ́.