Yíyọ fáìlì nínú háàdì dísìkì àtijọ́ pẹ̀lú ádápítà USB: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Bí ìròyìn náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu ló ń wú sí i. Àwọn kan gbọ́ pé kọ̀ǹpútà àwọn kò ní tàn mọ́, àwọn mìíràn gbọ́ pé fótò àti ìwé inú rẹ̀ yóò pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ ti ra ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n wá ń wo ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Ṣé lóòótọ́ ni pé fáìlì mi ti lọ nítorí Windows 10?

Rárá o. Ẹ̀rọ náà ṣì ń tàn, fáìlì sì wà níbi tó wà. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ló dópin. Ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò ń rí i gbà títí di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ọdún 2026.

Láptọ́ọ̀pù tèmi ti kú pátápátá ní tirẹ̀. Ṣé fáìlì bá a kú ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bá a kú. Bọ́ọ̀dù, ojú gíláàsì tàbí ibi tí ṣájà ń wọ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. Inú háàdì dísìkì ni fáìlì ń gbé, ìyẹn sì ṣeé tú jáde lọ́tọ̀.

Kí ni ádápítà yìí ń ṣe gan-an?

Ògbufọ̀ ni. Háàdì ń sọ èdè SATA tàbí IDE, kọ̀ǹpútà tuntun ń gbọ́ USB. Ẹ̀rọ kékeré inú wáyà náà ló ń túmọ̀ fún wọn. Kò ń tún háàdì ṣe, kò sì ń wá fáìlì tó sọnù. Bí ẹnikẹ́ni bá tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí oògùn, wáyà ni ẹ rà.

Èwo ni kí n rà?

Ẹ tú háàdì jáde, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù.

Bí ẹ bá rí ẹnu pẹlẹbẹ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, SATA nìyẹn. Èyí kékeré, tó ní ojú 7, ló ń gbé fáìlì. Èyí gígùn, tó ní ojú 15, ló ń gba iná. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló tò ní ìlà méjì, IDE ni, ìyẹn ẹ̀rọ ayé Windows XP. Ti láptọ́ọ̀pù ní abẹ́rẹ́ 44, iná sì wà nínú wọn. Ti orí tábìlì ní 40, pẹ̀lú ihò iná ẹlẹ́nu mẹ́rin lọ́tọ̀. Ádápítà tí wọ́n kọ "SATA/IDE" sí lára ń gba gbogbo wọn. Fún IDE orí tábìlì, ẹ wo ṣóńṣó ike kékeré tí wọ́n ń pè ní jumper lẹ́yìn rẹ̀: àwòrán tó wà lórí háàdì fúnra rẹ̀ yóò fi ibi tí Master wà hàn yín. Bí ó bá wà ní Slave, ádápítà púpọ̀ kì í rí i.

Bí ohun tí ẹ bá nínú láptọ́ọ̀pù bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rúlà tí wọ́n gé kúrú, M.2 ni, àwọn yẹn sì jẹ́ oríṣi méjì tó jọra bí ìbejì. Èyí tí etí rẹ̀ ní ìgé méjì sábà máa ń jẹ́ SATA; èyí tó ní ìgé kan sábà máa ń jẹ́ NVMe. Ilé USB, ìyẹn àpótí kékeré tí a ń ki M.2 bọ̀, tí wọ́n ṣe fún NVMe nìkan kì í ka SATA, bẹ́ẹ̀ náà ni ti SATA kì í ka NVMe, nítorí náà ẹ ra èyí tí wọ́n kọ méjèèjì sí. Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó ní GB 32 tàbí 64 sábà máa ń jẹ́ eMMC, tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ò ṣeé tú, ádápítà ò sì wúlò fún un.

Ṣé iná USB nìkan tó o?

Fún háàdì láptọ́ọ̀pù, ó sábà máa ń tó. Fún ti orí tábìlì, kò lè tó láéláé: fóòlù 12 ló ń jẹ, 5 ni USB ń fún un. Ádápítà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ṣájà tirẹ̀ wá, fóòlù 12 àti áńpù 2.

Háàdì láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú lè fẹ́ tó áńpù 1 nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ojú USB 2.0 ń fúnni ní ìdajì áńpù, USB 3.0 ń fúnni ní 0.9. Bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ tí ó ń kú, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ebi iná lè máa pa á. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ohun tó ń pín USB, kí ẹ ki í bọ ojú ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ lo wáyà ẹlẹ́nu méjì.

Ní ibi tí iná ìjọba kì í ti í kí èèyàn kó tó lọ, ẹ ki ṣájà fóòlù 12 náà bọ UPS tàbí inverter.

Báwo ni mo ṣe máa so ó pọ̀?

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín lè jáde. Ẹ tú ìdè rẹ̀, kí ẹ fa háàdì sẹ́yìn gbọọrọ. Bí ẹ bá lọ́ ọ, ike ẹnu SATA yóò kán. Ẹ gbé e sórí tábìlì onígi. Orí bẹ́ẹ̀dì kò dára, nítorí ooru. Orí irin náà kò dára, nítorí bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ wà níhòòhò. Ẹ so háàdì mọ́ ádápítà, ẹ tan iná rẹ̀ bí ó bá ní, lẹ́yìn náà kí ẹ ki USB bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ìgbà tó bá ti ń yí, ẹ má gbé e.

Fóldà tí ẹ ń wá ni Users, tàbí Documents and Settings bí ó bá jẹ́ ti XP. Ẹ dà á kọ, ẹ má ṣe gé e: bí iná bá lọ láàárín ìgékúrò, ẹ ò ní mọ èyí tó dé àti èyí tó kù. Àwọn ètò bíi Word àti CorelDRAW kò ní bá yín wá báyìí. Ẹ ó tún wọn fi sínú ẹ̀rọ tuntun.

Ó ní kí n "Format disk" kó tó ṣí. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Rárá! Cancel ni kí ẹ tẹ̀.

Windows ń sọ pé òun ò mọ èdè inú háàdì yìí, òun sì fẹ́ palẹ̀ mọ́ kí òun kọ tòun. Ó lè jẹ́ pé inú Mac ló ti wá, tàbí Linux, tí Windows kì í kà. Ó lè jẹ́ pé inú háàdì ìta ni ẹ ti tú u: àwọn WD My Passport kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù USB tiwọn ló ń ti fáìlì pa, páàsìwọ́ọ̀dù ìbáà má sí níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rúdurùdu ni ádápítà mìíràn yóò rí. Ó sì lè jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ inú rẹ̀ ló bàjẹ́, tí fáìlì wà níbẹ̀. "Initialize" náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ó ní n kò láṣẹ láti wọ fóldà ara mi.

Orúkọ tó ni fóldà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ kọ́ ni ẹ̀rọ tuntun mọ̀. Bí háàdì bá le koko, ẹ tẹ Continue, kí ẹ ní sùúrù. Bí ó bá ti ń ṣàìsàn, ẹ má tẹ̀ ẹ́, torí Windows yóò máa kọ àṣẹ tuntun sára fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fíláàṣì tó ní Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè tan kọ̀ǹpútà dípò Windows, tan kọ̀ǹpútà. Òun kì í béèrè àṣẹ Windows lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48.

BitLocker nìyẹn, àgádágodo tí Windows fi ń ti gbogbo háàdì pa. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sábà máa ń wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹ ò sì kọ ọ́ síbìkan, kò sí ọ̀nà. Ẹni tó bá ní òun lè ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́, àpò yín ló fẹ́ ṣí. Láti ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2, ẹ̀rọ tuntun tí a fi àkáǹtì Microsoft wọ̀ ń ti ara rẹ̀ pa láìsọ fúnni, nítorí náà ẹ wá kọ́kọ́rọ́ tiyín jáde lónìí.

Ó ń ró "kọ̀, kọ̀, kọ̀".

Ẹ yọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀.

Nínú háàdì, àwo ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ ní àlàfo tó kéré ju eruku lọ fíìfíì. Ìró yẹn sábà túmọ̀ sí pé orí náà kò rí ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án wò, ó lè máa fá ara àwo, ibi tí ó bá sì fá, fáìlì ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nínú yàrá. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà pẹ̀lú, ìmọ̀ràn àtijọ́ tó ń kiri bí ìtàn ìjàpá: omi yóò sẹ̀ sórí àwo nígbà tó bá jáde. Yíyá bọ́ọ̀dù háàdì mìíràn kì í sì í sábà ṣiṣẹ́, nítorí ìwọ̀n tó jẹ́ ti háàdì kọ̀ọ̀kan wà nínú ṣíìpù kan lórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní yàrá aláìléruku nìkan ló kù, wọ́n sì wọ́n. Ẹ bi ara yín bóyá fáìlì náà tó iye yẹn.

Bí kò bá ró, ṣùgbọ́n tí ó ń falẹ̀ tí ó ń dúró, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò, wo ìlà 05, C5 àti C6, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ nínú háàdì. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ju 0 lọ, ẹ má fọwọ́ ṣa fáìlì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ètò ddrescue da gbogbo háàdì kọ lẹ́ẹ̀kan náà láti orí Linux, sórí háàdì tó tóbi jù ú lọ:

ddrescue -d -n /dev/sdb aworan.img akosile.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb aworan.img akosile.map

Ìlà àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, ó ń fo ibi tó le. Ìkejì ń padà sí ibi tó kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ fi àṣẹ lsblk, tó ń to orúkọ àwọn háàdì, wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí háàdì tó ń jẹ́ sdb lórí ẹ̀rọ kan lè jẹ́ sdc lórí òmíràn. Lára àwòrán náà, ìyẹn aworan.img tó jẹ́ ẹ̀dà gbogbo háàdì, ni kí ẹ ti wá fáìlì, kì í ṣe lára háàdì aláìsàn.

Mo ti pa àwọn fótò kan rẹ́ tipẹ́. Ṣé ádápítà á mú wọn padà?

Ádápítà kọ́, PhotoRec ni, ètò tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Lórí háàdì tó ń yí, orúkọ ni Windows ń yọ, fótò ń dúró títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sórí háàdì mìíràn, kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ fáìlì kò ní bá a padà. Bí ó bá jẹ́ SSD, ìyẹn èyí tí kò ní àwo tó ń yí, TRIM, àṣẹ tó ń nu àyè fáìlì tí a pa rẹ́, sábà máa ń ti gbá àyè náà mọ́ kí ẹ tó tú u jáde.

Yóò pẹ́ tó?

GB 100 ń gba nǹkan bíi wákàtí kan lórí USB 2.0, àti bí ogún ìṣẹ́jú lórí 3.0. Fáìlì kéékèèké púpọ̀ ń pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ṣé mo lè ta háàdì náà lẹ́yìn tí mo bá kó fáìlì tán?

Bí ẹ bá nù ún ni. Ohun tí ẹ fi ádápítà ṣe yìí, ẹni tó bá rà á yóò lè ṣe é láìní páàsìwọ́ọ̀dù yín. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ SEC tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 35 dọ́là lé ilé ìdókòwò Morgan Stanley, nítorí pé wọ́n gbé háàdì wọn fún ilé iṣẹ́ akẹ́rù tí kò mọ iṣẹ́ ìnùfáìlì, àwọn kan lára rẹ̀ sì dé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà nínú.

Format kíákíá kò nù ún. Fún háàdì tó ń yí, ẹ yọ àmì tíìkì kúrò níwájú "Quick Format" kí ó lè fi òfo kún gbogbo rẹ̀. Fún SSD, ẹ lo Secure Erase, àṣẹ tó ń nu gbogbo rẹ̀, láti inú ètò ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fún èyí tí kò tàn mọ́, ẹ fi dírílì lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin já àwo rẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì lójú yín, nítorí àwo láptọ́ọ̀pù mìíràn jẹ́ gíláàsì tó ń fọ́ wẹ́wẹ́.

Tàbí kí n kúkú máa fi í pa fáìlì mọ́?

Fún ẹ̀dà kejì, bẹ́ẹ̀ ni, bí 05, C5 àti C6 bá ṣì jẹ́ 0. Fún ẹ̀dà kan ṣoṣo, rárá.