Wáìnì £10 Tí Wọ́n Tà Ní £5: Ta Ló Forí Fá Ìyókù?

Bí àwa Yorùbá tó wà nílùú Ọba bá fẹ́ ṣe ìnáwó, páálí-páálí la máa ń ra wáìnì. Ẹni tó mọ ọjà ná á sì dúró de ọjọ́ tí súpámákẹ́ẹ̀tì bá lẹ ìwé pupa mọ́ pẹpẹ pé £10 ti di £5. Bí ẹnìkan bá bi í pé ẹni tó gbin àjàrà yẹn ńkọ́, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé: "Ilé ìtajà ló gé owó, èrè tiwọn ni wọ́n gé. Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀?" Àwọn olóòótọ́ èèyàn tí kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó ń tú u palẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká ka owó náà. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2025, £2.67 ni owó-orí ọtí tí ìjọba Bìrìtéènì ń gbà lórí ìgò wáìnì tí agbára rẹ̀ wà láàárín 11.5 sí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún. (Láti ìgbà náà, ti èyí tó lágbára nínú wọn ti lé sí i.) Owó-orí yìí kò bìkítà bóyá £10 ni wọ́n ta ìgò tàbí £5, iye kan náà ni. VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, tún wà lórí ẹ̀, ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Lásìkò yẹn, bí ìgò bá jẹ́ £10, VAT á mú £1.67, owó-orí ọtí á mú £2.67, á ku £5.66. Bó bá di £5, VAT á mú pẹ́ńsì 83, owó-orí ọtí á tún mú £2.67 rẹ̀ pé pérépéré, á wá ku £1.50.

Inú £1.50 yẹn ni ìgò, ìdérí, ọkọ̀ òkun, ilé ìkẹ́rùsí, súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹni tó kó o wọlé, ẹni tó pọn ọtí àti ẹni tó ká àjàrà ti máa jẹun. Ìdajì ni oníbàárà rí pé wọ́n gé. Ní ti àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, ohun tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2014 ni òfin ti wà ní England àti Wales pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọtí ní iye tí kò tó owó-orí ọtí pẹ̀lú VAT tó hù lórí owó-orí ọ̀hún. Nítorí àmujù ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ìpín ìjọba ló fi ṣe òdiwọ̀n. Kò sí òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbẹ̀.

Ta ló wá ń san án? Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó san án, nítorí wáìnì náà kò fìgbà kan tó £10. £5 ni wọ́n ti pète láti tà á. Wọ́n kàn gbé e ga fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè rí iye tí wọ́n á sọ pé àwọn gé. Ẹgbẹ́ Which? tó ń jà fún àwọn oníbàárà gbé irú iye owó àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì báyìí lọ síwájú CMA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tó sì di oṣù Keje, àjọ náà ní òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú wọn lè ṣi oníbàárà lọ́nà. Níbi báyìí, àwa tí a rò pé a rí ọjà rà la gba wáìnì £5 ní £5.

Nígbà mìíràn, ẹ̀dínwó wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó kó ọjà wá ni wọ́n ní kó san nínú rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńláńlá ní 2010 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ fipá mú ẹni tó ń kó ọjà fún wọn pé kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ẹ̀dínwó. Ká ní ilé ìtajà ló ń dá gbé ẹrù yẹn tẹ́lẹ̀ ni, kí ni wọ́n ń ṣòfin sí? Lọ́dún 2013 ni wọ́n yan onídàájọ́ tí yóò máa bójú tó ìlànà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ó ní súpámákẹ́ẹ̀tì Tesco fa owó àwọn tó ń kó ọjà fún un sẹ́yìn kí ìwé èrè tirẹ̀ lè dára. Ẹni tó ń bá súpámákẹ́ẹ̀tì dòwò ní tààrà nìkan sì ni ìlànà yìí bò. Àgbẹ̀ tó wà ní South Africa, tó ta ọtí fún ẹni tó ta á fún ẹni tó kó o wọ Bìrìtéènì, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ yí ìgò náà sẹ́yìn kẹ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wáìnì South Africa, Chile tàbí Australia tó wọ́pọ̀ lórí pẹpẹ, ẹ ó rí lẹ́tà W pẹ̀lú nọ́ńbà, lẹ́yìn náà BS11. Nọ́ńbà àdírẹ́sì ìfìwéránṣẹ́ Avonmouth, lẹ́bàá Bristol ní England, ni BS11 yẹn. Kì í ṣe oko àjàrà ni wọ́n ti rọ ọtí náà sínú ìgò. Inú àpò ràgàjì kan tó ń gba nǹkan bíi lítà 24,000 nínú kọ̀ńténà ni wọ́n rọ ọ́ sí gba orí òkun wá, tí í ṣe ìgò 32,000. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kò burú; kò sídìí láti máa fi ọkọ̀ òkun kó ìgò wúwo káàkiri ayé. Àmọ́ wáìnì inú àpò ti dà bí epo pupa inú dúrọ́ọ̀mù: kò lórúkọ, ẹni tó bá gbówó wá ló ń dá iye lé e, bí olóko kan bá ní kò gbà, ti orílẹ̀-èdè mìíràn wà nítòsí.

Bí olóko kò bá sì rí ti tòkè gé, ti ìsàlẹ̀ ni yóò gé. Lọ́dún 2011, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde nípa oko èso àti oko àjàrà ọtí ní Western Cape, ní South Africa: àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóko, tí kò rí omi mu, tí oògùn kòkòrò ń bà lára láìsí ohun ìdáàbòbò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn òṣìṣẹ́ oko dáṣẹ́ sílẹ̀ ní De Doorns, ìlú kan níbẹ̀. Owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà yẹn jẹ́ rand 69. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó gbé e dé 105 ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Oko àjàrà jíjẹ ló pọ̀ ní De Doorns, ṣùgbọ́n owó òfin kan náà ló kan oko wáìnì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, ó dáa, àwọn á máa ra olówó ńlá. Èyí náà kò mú ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní agbègbè Champagne nílẹ̀ Faransé, níbi tí ọtí tí a fi ń ṣeré lóde wa ti ń wá, wọ́n bá àwọn tó lé ní àádọ́ta tí wọ́n kó wá ká àjàrà nínú ilé ẹgẹrẹmìtì kan ní Nesle-le-Repons. Ọmọ Mali, Senegal, Mauritania, Ivory Coast ni ọ̀pọ̀ wọn, ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bíi tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ní Châlons-en-Champagne dá èèyàn mẹ́ta lẹ́bi pé wọ́n fi èèyàn ṣòwò. Inú ìgò olówó iyebíye ni iṣẹ́ wọn lọ.

Nítorí náà, èmi kì í bẹ̀rù gbàǹjo tòótọ́. Bí ọdún tuntun bá dé tí ilé ìtajà fẹ́ lé ti tẹ́lẹ̀ tán, bí wáìnì aláwọ̀ òdòdó (rosé) bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbà ooru, bí wọ́n bá pààrọ̀ bébà ara ìgò, wọ́n sábà máa ń ti sanwó fún ẹni tó ṣe é, ilé ìtajà ló sì pàdánù lóòótọ́. Èyí tí mo ń sá fún ni wáìnì tó jẹ́ pé ìdajì owó ló ń jẹ́ látọdún dé ọdún, tí ẹ ò sì ní rí níbòmíràn. Dípò rẹ̀, mo máa ń wá àmì Fairtrade, àmì òwò tí kò rẹ́ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ jẹ, lára ìgò South Africa, torí pé owó kan wà lórí rẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ oko fúnra wọn ń pinnu ohun tí wọ́n á fi ṣe, ẹni ìta sì ń lọ yẹ oko wò. Bí owó ìnáwó kò bá ká a, páálí mẹ́ta dípò mẹ́rin kò lè ba òde jẹ́. Ẹni tó ń ta wáìnì ní ìsọ̀ kékeré sábà máa ń mọ ìdí tó fi gé owó, ẹ bi í. Bó bá lè sọ ìdí náà fún yín, ẹ rà á, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi ìnáwó yín.